Ihò Mọ́kànlá

Nígbà tí Àkíbù Aláàgo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, Àmínà ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni ó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ó ní òun ò fẹ́ kéèkì, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n pe aáfà kankan wá jókòó. Kí ìpele B òun ṣáà má bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́dún yìí ni. Àmínà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá arúgbó tó ń bá àwọn ọmọdé sáré kiri." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé ìkòkò waakye rẹ̀, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà, kaná. Kò mọ̀ pé ọkọ òun kò ṣàwàdà rárá.

Ó yẹ kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí mọ ohun tí ìpele yìí jẹ́. Lẹ́yìn ìlú Accra, lójú ọ̀nà Dodowa, ibì kan wà tí wọ́n ti fọ́ òkúta títí tí òkè fi di kòtò. Inú kòtò náà ni ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn ti máa ń dánra wò ní ọjọ́ Sátidé. Wọn kì í ṣe ọdẹ, wọn kì í sì í ṣe ológun. Ìdíje ni tiwọn. Ìwọ rèé, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ tí ìjọba fún ọ níwèé rẹ̀, páálí mẹ́ta níwájú rẹ, ọta méjìlá, àti aago kékeré kan létí rẹ. Bí aago bá ti ké, o yọ ìbọn, o sì yin ọta mẹ́rin sí páálí kọ̀ọ̀kan. Ọta tó bá wọ àárín jẹ́ máàkì márùn-ún, èyí tó bá wọ ẹ̀gbẹ́ àárín jẹ́ mẹ́ta, èyí tó bá wọ etí páálí jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tó bá fò kọjá lọ, òfo ni wọ́n ń pè é, òfo kan á sì gba máàkì mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á wá fi iye ìṣẹ́jú-àáyá tó o lò pín gbogbo rẹ̀. Tó o bá yára tí o kò bà á, o gbé. Tó o bá ń bà á, àmọ́ tí ò ń fà nílẹ̀, o gbé náà ni. Ohun tó bá jáde ni wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn jù, kí wọ́n lè mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni tìrẹ. Ẹni tó bá dé ọgọ́ta ti wọ ìpele B. Ẹni tí kò dé ọgọ́ta, àmọ́ tó ju ogójì lọ, C ni. Ohun tí ènìyàn ń rò nípa ara rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Àkíbù ti wà ní ìpele B. Ẹgbẹ́ náà kún fún àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọmọ olówó tó ń gbé ọkọ̀ ńláńlá wá, àmọ́ òun tó ń tún aago ṣe ní Cow Lane, òun tó ń wọ ọkọ̀ èrò trotro méjì kó tó dé ibẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Wofa, bí àwọn Akan ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Aago ló gbé e débẹ̀. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, aago tí ẹgbẹ́ náà fi ń yìnbọn yadi, kò ké mọ́. Abena, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ olórí wọn, gbé e káàkiri Accra, kò rí ẹni fọwọ́ kàn án. Àkíbù tú u, ó rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó já, ó jó o pọ̀. Òun àti Tàófíìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà Odawna, ni wọ́n jọ gbé e lọ fún wọn. Abena fún wọn ní ìbọn pé kí wọ́n fi ṣeré, ọta kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ò ti kúrò ńbẹ̀ mọ́. Àkíbù ń tún gbogbo irin àti sípíríìnì wọn ṣe, ẹgbẹ́ sì ń jẹ́ kó máa yìn.

Tàófíìkì ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Sherifa ọmọ rẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Odawna báyìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ta aṣọ ọmọdé. Nígbà tí ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀ pé, ó wá bá Àkíbù ní Cow Lane, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Àkíbù sì kọ́ ọ tọkàntọkàn. Ó kọ́ ọ bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa mí, bó ṣe máa ka ihò. Nípa kíka ihò, gbólóhùn kan péré ló sọ fún un: "Ohun tó bá wà lórí páálí ni kó o pè."

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò lọ díje ní Lomé. Wọ́n ti mú mẹ́ta. Nínú àwọn tó kù, ẹni tó bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ọdún ni yóò gba ìjókòó kẹrin. Àkíbù kò lọ ìdíje òkèèrè kankan rí, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún un pé ó ṣì máa lọ lọ́jọ́ iwájú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti ìgbà òjò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdè aago, ìyẹn síkúrù tó kéré bí ẹyin kòkòrò, á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á yí sábẹ́ tábìlì, Àkíbù á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ fún wákàtí kan tó ń wá a. Kò sọ fún Àmínà. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé bí òun bá ṣì wà ní B, á jẹ́ pé ọwọ́ náà kò tíì kú nìyẹn.

Ọjọ́ ìdánwò, ọyẹ́ bo gbogbo kòtò náà, ètè gbogbo ènìyàn gbẹ. Àwọn púpọ̀ ti yìn kó tó kan Sherifa. Máàkì méjìléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Kò sí òfo kankan níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un, torí òun ló wà lókè nígbà náà, bó tilẹ̀ kù díẹ̀ kó wọ B. Àkíbù ló yìn gbẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń yọ ìbọn, àmọ́ ó yìn títí ọta fi tán. Aago náà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá géérégé.

Ìlànà ẹgbẹ́ ni pé ayìnbọn kan ni yóò ka ihò fún ayìnbọn kejì, á máa pè é sókè, Abena á máa kọ ọ́. Ẹni tó yìn ín á tẹ̀ lé wọn, á fi ojú ara rẹ̀ wo páálí, á wá fọwọ́ sí i. Sherifa ni ìbò mú fún Àkíbù. Àkíbù kò tẹ̀ lé wọn. Ó dúró sẹ́yìn, ó ń tú bẹ́líìtì rẹ̀. Tó bá lọ tẹjú mọ́ páálí lẹ́yìn ọmọ Tàófíìkì, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè ló máa rí lójú rẹ̀.

"Àárín mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan," ni Sherifa wí nídìí páálí kìíní. Bákan náà ló wí nídìí ìkejì. Ó dé ìkẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó kọ nǹkan sára páálí. "Àárín mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan. Méjì wọ ihò kan náà."

Àwọn tó dúró hó yèè. Kí ọta méjì gba ojú kan wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Abena ṣe ìṣirò: máàkì mẹ́rìnléláàádọ́ta, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kò lé, kò dín. Ìpele B. Ìjókòó kẹrin nínú ọkọ̀ Lomé. Àkíbù fọwọ́ sí i láìwò ó. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Sherifa tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ju gbogbo ènìyàn lọ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìjókòó fi ń pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mú ìpele rẹ̀ ló ni àwọn páálí rẹ̀, ó lè gbé wọn lọ sílé. Àkíbù fi ìwé ìròyìn wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé wọn lé itan nínú trotro láti Dodowa dé Tudu, ó sì ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé kó rọra.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló tó ráyè wò wọ́n. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbá iwájú rẹ̀, ó kí àwọn aládùúgbò. Ó fẹ́ kọ ọjọ́ àti máàkì sábẹ́ wọn kó tó fi wọ́n kọ́ sára ògiri. Ó gbé wọn síwájú ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ó ń fi ìka ka ihò bí ẹni tó ń ka ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́ta.

Sherifa ti fi bírò yí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà po, ó kọ 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkíbù rẹ́rìn-ín sí i. Ó fẹ́ rí ẹwà rẹ̀ dáadáa. Ó mú awò kékeré tí àwọn aláàgo máa ń há sójú kan, ó há a sójú, ó tẹ̀ mọ́ ihò náà.

Ẹni tó ti wo inú aago fún ogójì ọdún mọ ohun tó ń rí. Bí ọta bá gba páálí kọjá, ó máa ń fi òrùka dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ létí ihò. Bí ìkejì bá gba ibẹ̀, ì báà ṣe déédéé tó, òrùka náà á já níbì kan, ihò á sì fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùka yìí yí po, ó pé, kò já níbì kankan. Ó mú irin tó fi ń wọn ẹ̀rọ aago, ó wọn ihò náà. Ó wọn àwọn ihò tó kù. Ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ó yọ awò kúrò lójú, ó nù ún, ó tún há a, ó tún wò ó.

Ọta kan ló wọ ihò yẹn. Ihò mọ́kànlá ló wà lórí páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọta kejìlá wà nínú òkúta Dodowa.

Ó jókòó. Òfo kan: mọ́kàndínláàádọ́ta ni ó kù, kí o tún yọ mẹ́wàá kúrò. Máàkì mọ́kàndínlógójì. Ìdá mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Sherifa ní máàkì méjìléláàádọ́ta nílẹ̀. Ìjókòó Lomé, ti Sherifa ni. Sherifa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ lábẹ́ ìdí ara rẹ̀, tó fi bírò buluu kọ 2 sí i.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, lẹ́yìn náà inú bí i. Inú bí i gidi gan-an. Ta ló ní kí ọmọ kékeré máa ṣàánú òun? Òun tó kọ́ ọ! Ó gbé páálí kẹta, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó di Odawna.

Ọjà Odawna kún fọ́fọ́, àwọn tó ń pè fún aṣọ òkìrìkà ń pariwo lé ara wọn lórí. Sherifa wà láàárín aṣọ ọmọdé tó so kọ́ sókè. Bó ṣe rí Àkíbù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

"Ọta mélòó ló wọ ihò yìí?" ni Àkíbù bi í.

Sherifa fa aṣọ ọmọdé kan mọ́ àyà.

"Mo ní mélòó?"

"Ọ̀kan, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mepa wo kyɛw, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Ṣé èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o fún mi ní máàkì? Ṣé mo ti di ẹni tí wọ́n ń tọrọ nǹkan fún?"

"Rárá o, Bàbá." Ó ń wá ọ̀rọ̀. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ, ọ̀rọ̀ tó bá sì wúwo kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀. "Mo rí i pé ihò mẹ́ta ni. Mo fẹ́ pe òfo, wallahi. Mo la ẹnu. Then mo rí abọ́ yẹn."

"Abọ́ wo?"

"Abọ́ koko." Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Nígbà tí Daddy pe òfo fún yín. Ẹ ò bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo Ramadan. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Daddy á bu koko sínú abọ́, á kó kose lé e, á ní, Sherifa, gbé e lọ fún Bàbá Àkíbù kó fi ṣínu. Màá gbé e wá. Ẹ ò ní gbà á. Màá gbé e padà. Daddy á gbé abọ́ yẹn síwájú, á kàn máa wò ó. Kò ní jẹun rárá paa. Èmi ni mò ń gbé abọ́ yẹn, Bàbá. Every day."

Àkíbù ti gbàgbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà náà. Òfo yẹn ni kò gbàgbé. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni, ọdún tó kù díẹ̀ kó bá wọn lọ sí Abidjan, Tàófíìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré dúró nídìí páálí rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi ohùn gbọọrọ pe òfo kan, ó sì parí. Àkíbù gbà pé ọ̀tá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀ ló tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, torí lémọ́ọ̀mù ní kí wọ́n dìde kí ara wọn. Kò tọrọ àforíjì. Tàófíìkì náà ò bi í. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ ilẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ní èmi ò ní ṣe é láé," ni Sherifa wí. "Mo ní kí Bàbá lọ Lomé. Èmi ṣì ní ọdún púpọ̀. Ẹ̀yin…"

Ó pa ẹnu dé, ó ti pẹ́ jù.

"Èmi ò ní," ni Àkíbù bá a parí rẹ̀.

Ó ká páálí rẹ̀, ó sì jáde kúrò nínú ọjà. Obìnrin kan tó ń ta omi pè é pé kí bàbá ra omi tútù, kò gbọ́.

A kò gbọdọ̀ purọ́ pé ẹni mímọ́ ni: ó ro Lomé. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì rò ó dáadáa. Ta ló mọ̀? Òun àti Sherifa péré. Ọmọ náà ló fún un, tinútinú. Ó rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ibodè Aflao, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló gbé aago obìnrin kan tó wà lórí tábìlì, ó fẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ìdè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ wá a. Ó ń wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó ti tó ìgbà wo tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i, tí òun nìkan ò rí i? Ó wá ń gbọ́ nǹkan tí kò gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá: pé òun lòun kọ́ ọmọ náà ní irọ́. Òun sọ fún un pé kó pe ohun tó bá wà lórí páálí. Àmọ́ òun ti kọ́kọ́ fi oṣù kan gbáko hàn án bí ojú ẹni tó bá pè é ṣe máa rí.

Ojú tì í débi tí kò lè jẹ waakye Àmínà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àmínà bi í pé kí ló dé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti ọwọ́ náà kún un. Àmínà ní, "Ti ọwọ́, mo ti mọ̀. Ta lo rò pé ó ń bá ọ wá àwọn ìdè yẹn nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ?" Ó lọ mú agolo mílíìkì kan wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mi í, ìdè kéékèèké ró nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sherifa ló wá kù. Bí Àkíbù bá sọ fún ẹgbẹ́ pé Sherifa ka ihò tí kò sí, ọdún kan ni wọ́n á fi lé e jáde, òfin ni. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó lọ bá Abena nílé rẹ̀. Abena ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, àmọ́ ojú ọlọ́pàá kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Mo fẹ́ tún ìdánwò mi yìn," ni Àkíbù wí. "Òfin gbà mí láyè kí orúkọ tó lọ sí Lomé."

"Wofa, ẹni tó bá gbé nìkan ló máa ń tún un yìn. Ẹ̀yin mú B."

"Mo fọwọ́ sí páálí tí mi ò wò. Òfin ní kí n wò ó."

Abena wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá tún yìn ín, ti àkọ́kọ́ ti kú nìyẹn? Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde la máa kọ."

"Mo mọ̀."

"Ta ni kó ka ihò fún yín?"

"Sherifa."

Abena fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan sí i, ó hàn lójú rẹ̀. Kò bi í. Ó ní kó di Sátidé.

Ọjọ́ Sátidé, ọyẹ́ ti dín kù díẹ̀, oòrùn sì ràn sórí òkúta. Gbogbo ẹgbẹ́ wá, torí kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí pé ènìyàn mú ìpele tán kó ní kí wọ́n gbà á padà. Sherifa dúró lápá kan, kò kí ẹnikẹ́ni. Àkíbù kò bá a sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ohun tó bá wà lórí páálí."

Ó dúró sí ojú ìlà. Ẹni tó bá rò pé ó fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ gbé kò mọ Àkíbù. Ó fẹ́ B yẹn. Ó fẹ́ ẹ ju bó ṣe fẹ́ ẹ rí lọ, torí tó bá rí i lónìí, tirẹ̀ gan-an ni. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mí, ó ní kí ọwọ́ náà jọ̀wọ́ ṣe sùúrù fún òun, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré.

"Ṣé ẹ ti ṣetán? Ẹ dúró dè é," ni Abena wí.

Aago ké. Ó yọ ìbọn, ó yìn. Páálí kìíní, ó mọ̀ pé ó dára. Ìkejì, ó dára. Ní ìkẹta, ọwọ́ náà gbọ̀n bí ó ti ń tẹ ọta kejì, ó rí i, ó sì yìn àwọn tó kù. Ó tú ìbọn, ó fi hàn pé kò sí ọta nínú rẹ̀ mọ́, ó fi í bọ àpò. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kù díẹ̀. Kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ̀ lé wọn. Sherifa ka páálí kìíní, ó ka ìkejì. Àárín márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹta, Àkíbù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ka ihò náà lórí èjìká rẹ̀, láìsí awò. Mẹ́ta.

Sherifa bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí náà. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń mi etí páálí. Àkíbù rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn, ó sì mọ̀ pé abọ́ náà ló wà níwájú rẹ̀ tó ń wò. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Kò sí bó ṣe lè ràn án lọ́wọ́.

"Àárín méjì," ni Sherifa wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan." Ó wá sọ èyí tó kù sínú ara rẹ̀.

"Abena ò gbọ́," ni Àkíbù wí. "Tún un pè."

Sherifa gbé orí sókè. "Òfo kan!"

Ohùn náà lu òkúta, ó padà wá. Ó gbọọrọ, kò ní àánú, kò ní ìkà. Àkíbù yíjú wẹ́rẹ́ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ohùn Tàófíìkì gan-an ló gbọ́. Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọmọ olówó nìkan ló wà lẹ́yìn.

Abena ṣe ìṣirò. Máàkì mẹ́tàdínlógójì. Ìdá méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. "Ìpele C," ló wí, kò sì fi dídùn kankan sí i. Àkíbù wo páálí náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí òfin ṣe wí, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Abena yí ojú ìwé, ó kọ orúkọ Sherifa sí ìjókòó kẹrin. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Sherifa ṣì dúró nídìí páálí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀, Àkíbù di apá rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí apá ọmọ náà, kò sì fi í pamọ́.

"Ìrọ̀lẹ́ òní," ló wí, "se koko. Bù ú sínú abọ́, kó o gbé e wá sílé."

Sherifa wò ó.

"Màá gbà á," ni Àkíbù wí.

Sherifa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Pẹ̀lú kose, Bàbá?"

"Pẹ̀lú kose."